Veddel, Erékùṣù Tí Gbogbo Ayé Ń Gbà Kọjá

Bó bá ti kù díẹ̀ kí odò Elbe wọ Hamburg, ńṣe ló máa ń pín sí méjì. Apá kan á gba àríwá, apá kejì á gba gúúsù, àwọn erékùṣù á sì wà láàárín. Veddel ni ọ̀kan nínú wọn, ó sì sún mọ́ ìgboro dáadáa. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò tó 5,000. Síbẹ̀, ẹni tó bá ń ti Harburg, ní òdìkejì odò, bọ̀ wá sí Hamburg, yálà ó wọ ọkọ̀ ojú irin ni o, tàbí ó wa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀, àfàìmọ̀ ni kó má gba Veddel kọjá. Ojú irin wà níbẹ̀. Ọ̀nà márosẹ̀ A255 tó já sí A1 wà níbẹ̀. Títì tí àwọn ọkọ̀ àjàgbé ń gbà kó kọ̀ǹténà jáde ní èbúté náà wà níbẹ̀. Ohun tó ń ká mi lára jù nínú ìtàn erékùṣù yìí ni pé ó ti lé ní igba ọdún tí wọ́n ti ń la ọ̀nà gba orí rẹ̀ nítorí ẹlòmíràn, tí ẹni tó ń gbé ẹ̀bá ọ̀nà náà kì í sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń pinnu. Ìjà tí wọ́n ń jà lórí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní Jámánì lónìí, ibi tó ti ṣẹ̀ wá jìnnà ju ìgbà tí mọ́tò dáyé lọ.

Ilẹ̀ àbàtà ni Veddel nígbà àtijọ́. Koríko ló hù síbẹ̀, màlúù ló ń jẹ ẹ́, omi a sì máa kún bò ó. Kì í ṣe ogun ni Hamburg fi gbà á. Gbèsè ni. Àwọn ọmọ ọba ilé Holstein-Gottorp ti yáwó lọ́wọ́ Hamburg títí ó fi wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Nígbà tó di 1768, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní Gottorp: Hamburg fi gbèsè jì wọ́n, àwọn náà gbà pé ìlú náà kò sí lábẹ́ wọn mọ́, wọ́n sì yọ àwọn erékùṣù kan lé e lórí. Veddel wà nínú wọn, pẹ̀lú Peute àti Kaltehofe tó múlé tì í. Ẹni tó bá mọ bí àwọn baba wa ṣe ń fi oko kòkó dógò á mọ̀ pé wọn kì í bi àwọn tó ń dá oko náà léèrè kí wọ́n tó fi í sọfà. Koríko Veddel kọ́ ni Hamburg ń wá. Ẹni tó bá ni erékùṣù ló ni omi tó ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìlú tó sì ń fi èbúté jẹun kò gbọdọ̀ jẹ́ kí omi bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ogun ló kọ́kọ́ sọ erékùṣù náà di ojú ọ̀nà. Napoleon ti gba Hamburg mọ́ ilẹ̀ Faransé láti ọdún 1811. Nígbà tí ogun Rọ́ṣíà dà á láàmú, ó ní kí ọ̀gágun rẹ̀, Davout, di Hamburg mú bó ti wù kó rí. Davout rí i pé bí àwọn ọmọ ogun òun kò bá lè ti Harburg sọdá Elbe kíákíá, ìlú náà á bọ́. Ó fi igi kan afárá kọjá àwọn erékùṣù náà láti Harburg dé Hamburg láàárín 1813 sí 1814. Ó jẹ́ iṣẹ́ ribiribi lóòótọ́, ó sì parí kí oṣù mẹ́ta tó pé. Ṣùgbọ́n ìtàn tó wà lẹ́nu àwọn ará Hamburg nípa Davout kì í ṣe ti afárá. Wọ́n ń rántí rẹ̀ bí ẹni tó lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún tálákà jáde nínú ìlú lásìkò Kérésìmesì 1813, nínú òtútù, nítorí pé wọn kò ní oúnjẹ tí wọ́n lè kó pamọ́. Ìwé àwọn ológun Faransé ń yin bó ṣe di ìlú náà mú láìjuwọ́ sílẹ̀. Ìwé àwọn ará ìlú ń ka òkú. Ọkùnrin kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ. Lẹ́yìn ogun, wọ́n tú afárá náà, ọkọ̀ ojú omi ló sì tún ń kó èèyàn sọdá fún bí àádọ́ta ọdún.

Ohun tó mú afárá padà wá ni òwò. Ní 1872, ojú irin sọdá apá Elbe méjèèjì, ó so Hamburg mọ́ Harburg àti gbogbo ìwọ̀ oòrùn Jámánì. Ní 1887, wọ́n kan afárá ọkọ̀ ilẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n mọ ẹnu ọ̀nà gàgàrà sí i bí ẹnubodè ààfin. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Hamburg wọ ẹgbẹ́ owó orí ẹrù Jámánì, ṣùgbọ́n wọ́n gbà á láyè láti ya apá kan èbúté rẹ̀ sọ́tọ̀ tí ẹrù yóò ti máa wọlé láìsanwó aṣọ́bodè. Odi tí wọ́n fi yí i ká ló wá ya Veddel kúrò lára ìgboro. Fún ọdún tó lé ní ọgọ́rùn-ún, àwọn aṣọ́bodè ló dúró láàárín ìgboro àti àwọn erékùṣù.

Ó yẹ kí n sọ ohun tó kan àwa náà nínú òwò yìí, nítorí àwọn tó ń kọ ìtàn èbúté yẹn sáábà máa ń gbójú fò ó. Láti àwọn ọdún 1850 ni ilé iṣẹ́ O'Swald ti Hamburg ti wà ní Èkó, tó ń kó owó ẹyọ láti Zanzibar wá fi ra epo pupa. Owó ẹyọ náà pọ̀ débi pé iye rẹ̀ já wálẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. G. L. Gaiser, ọmọ Hamburg náà ni, gba òwò ọ̀hún lẹ́yìn wọn. Ní 1885 ni àwọn èèyàn Gaiser fẹ́ gba etíkun Mahin lọ́dọ̀ Amapetu, ọba ibẹ̀, fún Jámánì, kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó sọ pé àwọn ló ni ín. Títí di ìgbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ̀rẹ̀ ní 1914, Jámánì ni èyí tó pọ̀ jù nínú ekùrọ́ tó ń jáde ní Èkó ń lọ, Hamburg ló sì ń gbà wọlé. Harburg, ní òdìkejì Veddel, ni àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tó ń fún un wà. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ìyá wa tó jókòó ti òkúta tí wọ́n ń pa ekùrọ́ ní Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá wà nínú owó tí wọ́n fi mọ afárá àti èbúté yẹn.

Àwọn òṣìṣẹ́ èbúté náà gbọ́dọ̀ rí ibi sùn. Ọlọ́kọ̀ òkun kan tó ń jẹ́ Sloman kọ́ àdúgbò kan fún wọn ní Veddel láti 1878, àwọn ilé kéékèèké tó ní ọgbà. Títì kan níbẹ̀ ṣì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni àrùn onígbáméjì dé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1892, ó pa èèyàn tó lé ní 8,000 ní Hamburg láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Èyí tó wà lẹ́nu gbogbo ìlú ni pé àwọn tó ń ti Rọ́ṣíà bọ̀, tí wọ́n fẹ́ wọkọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà, Júù ni púpọ̀ nínú wọn, ni wọ́n kó o wá. Àkọsílẹ̀ tún ń sọ ọ̀rọ̀ mìíràn pẹ̀lú rẹ̀. Omi Elbe tí wọn kò sẹ́ ni Hamburg ń fà sínú ẹ̀rọ fún àwọn èèyàn rẹ̀ láti mu. Altona, ìlú tí títì lásán pààlà pẹ̀lú Hamburg, ń sẹ́ omi tirẹ̀, àrùn náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ jà níbẹ̀. Àwọn onílé tó ń jókòó nígbìmọ̀ ìlú ló ti ń fa ẹsẹ̀ nílẹ̀ lórí iṣẹ́ omi nítorí owó. Bóyá arìnrìn-àjò ló gbé kòkòrò náà dé tàbí kì í ṣe òun, àwọn òpìtàn ṣì ń jiyàn lé e. Pé omi ẹlẹ́gbin ló gbé e wọ ilé gbogbo, ìyẹn kò ní iyàn nínú. Ní 1893, wọ́n ṣí ilé ìsẹ́mi sí Kaltehofe, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Veddel.

Àwọn arìnrìn-àjò náà ńkọ́? Owó wà lára wọn, nítorí náà Hamburg kò lè lé wọn tán. Wọ́n kúkú gbé wọn lọ sí ibi tí ojú ìlú kò tó. Albert Ballin, ọ̀gá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun HAPAG, kọ́ àwọn gbọ̀ngàn ńlá sí Veddel, wọ́n sì ṣí i ní 1901. Ọkọ̀ ojú irin ń já wọn sílẹ̀ síbẹ̀ tààrà láìwọ ìgboro. Tí èèyàn bá dé, á gba ẹnu ọ̀nà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn tí wọn kò tíì wẹ̀, wọ́n á bọ́ aṣọ rẹ̀, wọ́n á kó aṣọ náà sínú ẹ̀rọ tó ń fi ooru pa kòkòrò, á wẹ̀, dókítà á yẹ̀ ẹ́ wò, á wá jáde sí ìhà kejì níbi tí ibùsùn wà. Ilé ìdáná wà fún àwọn Júù, ṣọ́ọ̀ṣì wà, sínágọ́gù wà, àwọn onílù a sì máa wá lu ìlù. HAPAG tẹ ìwé fi yin ara rẹ̀ lórí ibẹ̀. Àwọn òpìtàn mìíràn ní ọgbà ìyàsọ́tọ̀ tó dára ni, ọgbà ìyàsọ́tọ̀ náà sì ni. Lójú tèmi, òtítọ́ ni àwọn méjèèjì. Láàárín 1850 sí 1939, nǹkan bí mílíọ̀nù márùn-ún èèyàn ló gba Hamburg lọ sí òkè òkun, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì rí ohunkóhun nínú Hamburg ju Veddel lọ. Wọ́n ti àwọn gbọ̀ngàn náà ní 1934. Ilé àkójọ ìtàn BallinStadt ló wà níbẹ̀ láti 2007.

Fritz Schumacher, ọ̀gá ayàwòrán ilé fún ìlú Hamburg, ló tún Veddel ṣe ní àwọn ọdún 1920. Èyí ni ìgbà kan ṣoṣo tí mo rí nínú ìtàn yìí tí ẹnì kan fi àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ṣáájú. Bíríkì pupa ni gbogbo rẹ̀, ilé alájà mẹ́rin sí márùn-ún tó yí àgbàlá ká, tí igun rẹ̀ rọra tẹ̀ bí títì ṣe tẹ̀. Bálùwẹ̀ wà nínú ilé, oòrùn ń wọ yàrá, ọmọ ń ṣeré nínú àgbàlá. Kò sí ibi ìgbọ́kọ̀sí nínú àwòrán náà, nítorí kò sí òṣìṣẹ́ èbúté tó ní mọ́tò. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn lọ síbi iṣẹ́, tàbí kí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi, tàbí tíráàmù tó ń gba orí afárá kọjá. Bí wọ́n bá ń sọ lónìí pé àdúgbò tí kò gbẹ́kẹ̀ lé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ jẹ́ àlá àwọn ọ̀dọ́ ọlọ́wọ́ mímọ́, kí wọ́n lọ wo bíríkì Schumacher. Àwọn tálákà ló kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀.

Ìjọba Hitler yí ọwọ́ padà. Ní 1937, wọ́n da Harburg àti Wilhelmsburg tó wà lẹ́yìn Veddel pọ̀ mọ́ Hamburg, Veddel wá di àárín ìlú kan ṣoṣo tó fẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé ọ̀nà púpọ̀ sí i gbọ́dọ̀ gbà á kọjá. Ọ̀nà márosẹ̀ Hamburg sí Lübeck ṣí lọ́dún kan náà. Ní oṣù kejì 1939, òfin kan jáde ní gbogbo Jámánì pé ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé gbọ́dọ̀ pèsè ibi tí ọkọ̀ yóò máa sùn. Ìjọba náà wó, òfin náà kò wó. Irú rẹ̀ ló wà nínú òfin ilé kíkọ́ ní àwọn ìpínlẹ̀ Jámánì títí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Berlin fagi lé e ní 1997, Hamburg sì fagi lé e lórí ilé gbígbé ní 2014. Èèyàn tí kò ní mọ́tò rárá ti fi ọ̀pọ̀ ọdún san owó ilé mọ́tò nínú owó ilé tirẹ̀ kí wọ́n tó dé ibẹ̀.

N kò lè fo 1944. Ní Dessauer Ufer, ní ẹ̀gbẹ́ Veddel, wọ́n kó 1,000 obìnrin Júù dé láti Auschwitz sínú ilé ìkẹ́rùsí kan, wọ́n sì ń fi ipá mú wọn ṣiṣẹ́ kó àwókù ilé tí bọ́ǹbù wó. Ilé ìkẹ́rùsí náà ṣì dúró.

Lẹ́yìn ogun ni mọ́tò wá di ọba. Ọ̀rọ̀ tó gbòde láàárín àwọn ayàwòrán ìlú nígbà náà ni ìlú tó bá mọ́tò mu. Hans Bernhard Reichow fi ṣe àkọlé ìwé rẹ̀ ní 1959. Hamburg ti pinnu ní 1958 pé òun yóò pa tíráàmù rẹ̀ rẹ́. Ìdí tí wọ́n ń sọ ni pé tíráàmù ń dí mọ́tò lọ́nà. Ní òpin àwọn ọdún 1950 náà ni wọ́n wó ẹnu ọ̀nà gàgàrà tó wà lórí afárá Elbe kí ọ̀nà lè fẹ̀. Kí èèyàn tó kan sáárá sí wọn tàbí kó bú wọn, kó rántí pé bọ́ǹbù ti pa ìlú náà rẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀nà gbọọrọ fi dà bí ìlérí ayé tuntun lójú wọn. Ọ̀tọ̀ ni pé ìlérí náà, orí ilẹ̀ àwọn kan ló gbà kọjá.

Ní òru ọjọ́ 16 mọ́jú ọjọ́ 17 oṣù kejì 1962, ìjì ti òkun wọ Elbe, àwọn odi ìdènà omi sì já. Èèyàn 315 ló kú ní Hamburg, Wilhelmsburg ni èyí tó pọ̀ jù ti kú. Ìtàn tí gbogbo Jámánì mọ̀ ni pé Helmut Schmidt, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ìlú náà, ló dá pe àwọn ọmọ ogun láìwo ohun tí òfin sọ, tó sì gba ìlú là. Òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn òpìtàn tó tú àkọsílẹ̀ ìgbà náà ti ń sọ láìpẹ́ yìí pé àwọn ológun àti àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn ti ń gba èèyàn là kó tó dé. Èyí tó ṣe pàtàkì fún Veddel ni àtúbọ̀tán rẹ̀: wọ́n mọ ìdènà omi tó ga sí i, àwọn tó lówó kó lọ, ìlú sì fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiyèméjì bóyá ó tún yẹ kí wọ́n náwó sí ibùgbé èèyàn lórí àwọn erékùṣù náà. Ibi tí ìlú kò bá fẹ́ kí èèyàn gbé ni ó máa ń rọrùn láti la ọ̀nà sí. Àwọn tó wá gba ilé tó ṣófo náà ni àwọn òṣìṣẹ́ láti Tọ́kì àti Yugoslavia, lẹ́yìn wọn ni àwọn ọmọ Áfíríkà àti àwọn mìíràn.

Ẹ̀ẹ̀kan ni mọ́tò sinmi. Nígbà tí epo wọ́n ní 1973, ìjọba Jámánì fòfin de wíwa ọkọ̀ ní ọjọ́ Àìkú mẹ́rin, láti ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá. Àwọn èèyàn fi ẹsẹ̀ rìn lórí ọ̀nà márosẹ̀. Nígbà tí epo padà, ohun gbogbo padà sí bó ṣe wà. Tíráàmù ìkẹyìn sáré ní Hamburg ní 1978. Ọdún 1983 ni ọkọ̀ ojú irin ìgboro, S-Bahn, tó gba Veddel kọjá dé Harburg, èyí tó fi hàn pé wọ́n ti mú ọ̀nà tálákà kúrò kí wọ́n tó fi òmíràn dípò rẹ̀. Kí n má ṣe ojúsàájú: Hamburg ló dá ẹgbẹ́ HVV sílẹ̀ ní 1965, tí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo fi gbé èèyàn nínú bọ́ọ̀sì, ọkọ̀ ojú irin àti ọkọ̀ ojú omi. Irú rẹ̀ kò tíì sí níbikíbi láyé kí wọ́n tó ṣe é. Ìlú kan náà ló ṣe méjèèjì.

Àwa tí a mọ Èkó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá fòfin de mọ́tò láìpèsè ohun tí èèyàn yóò wọ̀. Ní 1977, ìjọba fi nọ́ńbà pín ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sí méjì, ìpín kan ń jáde lónìí, ìpín kejì ń jáde lọ́la. Àwọn tó lówó ra ọkọ̀ kejì tí nọ́ńbà rẹ̀ yàtọ̀. Àwọn àgbà Èkó kò yéé sọ ọ́, àwọn tó kọ ìwé lórí rẹ̀ sì gbà bẹ́ẹ̀. Ìjọba Jakande wá dáwọ́ lé ọkọ̀ ojú irin ìgboro, ìjọba ológun Buhari sì fagi lé e ní 1985. Ó di oṣù kẹsàn-án 2023 kí ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù tó kó èrò ní Èkó.

Ní Jámánì, Berlin wà lára àwọn ìlú tó kọ́kọ́ gbójú le. Láti ọjọ́ kìíní 2008, ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ pọ̀ jù kò gbọdọ̀ wọ inú òbìrí ojú irin S-Bahn ìlú náà. Ní 2018, ó ṣòfin ìrìnnà tó fi ọkọ̀ èrò, kẹ̀kẹ́ àti ẹlẹ́sẹ̀ ṣíwájú mọ́tò. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dí apá kan Friedrichstraße fún mọ́tò ní 2020, ẹjọ́ àti ìbò ló tẹ̀ lé e, mọ́tò sì padà síbẹ̀ ní 2023. Ní 2025, ilé ẹjọ́ òfin ìpìlẹ̀ Berlin ní àwọn ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè fún ìdìbò lórí òfin tí yóò dín ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kù láàárín ìlú gidigidi. Wíwa mọ́tò lójú pópó gbogbogbò, ilé ẹjọ́ náà sọ ọ́, kì í ṣe ohun tí ìjọba kò lè fi ààlà sí.

Hamburg kò ṣe irú àgbègbè ti Berlin. Nígbà tí ilé ẹjọ́ gíga ní Leipzig fọwọ́ sí i ní oṣù kejì 2018 pé ìlú lè dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ dísù tó ti gbó, Hamburg ni ìlú àkọ́kọ́ tó lò ó, láti ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún náà. Òpópónà méjì ló dí, Max-Brauer-Allee àti Stresemannstraße, ní Altona. Ibi tí wọ́n dí ní èkínní kò gùn tó kìlómítà kan. Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n dí lọ́nà gba òpópónà mìíràn lọ. Ẹ̀rọ tí ìlú fi ń díwọ̀n afẹ́fẹ́ wà ní Veddel náà, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó dí ọ̀nà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ iye mọ́tò tí àwọn ará Veddel ní kéré sí ti ìlú lápapọ̀. Èéfín tí wọ́n ń fà símú, ti ẹlòmíràn ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Bí ìlànà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò bá bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tí kò ní ọkọ̀ tó ń gbé ẹ̀bá títì, n kò mọ ibi tó tún yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀.

Odi àwọn aṣọ́bodè wó ní ìbẹ̀rẹ̀ 2013, lẹ́yìn tí àwọn ará erékùṣù ti ń bèèrè fún un tipẹ́. Kẹ̀kẹ́ lè wá gba etí omi Spreehafen lọ sí ìgboro, ohun ìdùnnú ni. Àwọn awakọ̀ náà kò ní ẹnubodè tí yóò dá wọn dúró mọ́. Ní ọdún 2015, ìjọba Hamburg fẹ́ gbé ìdíje Òlíḿpíìkì wá sí Kleiner Grasbrook, ẹ̀gbẹ́ Veddel gan-an. Ní ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá, àwọn olùdìbò kọ̀ ọ́, 51.6 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní rárá. Dípò rẹ̀, ìlú ń gbèrò àdúgbò tuntun síbẹ̀, Grasbrook, nǹkan bí 3,000 ilé tí mọ́tò kò ní pọ̀ nínú rẹ̀. Ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ U4 ti dé ẹ̀bá afárá Elbe láti 2018, wọ́n sì fẹ́ kó sọdá débẹ̀. Ní gúúsù Wilhelmsburg, wọ́n ń gbèrò ọ̀nà márosẹ̀ tuntun, A26-Ost, tí yóò so A7 mọ́ A1, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ sì ń bá ìjọba fà á. Ìlú kan náà ló fọwọ́ sí méjèèjì: àdúgbò tí kò ní mọ́tò púpọ̀ fún àwọn tí wọn kò tíì kó dé, àti ọ̀nà mọ́tò sí i fún erékùṣù tí èèyàn ti ń gbé.